Ọ̀RỌ̀ LÁDÀÁNÌ: Kí Ẹsẹ̀ Kan Ilẹ̀, Kí Ó Má Tẹ̀ Ẹ́

Mo kí ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ka ìwé yìí ní ìdí ààrò. Mo kí ẹ̀yin bàbá tí ẹ máa ń gbà á lọ́wọ́ ìyàwó yín nígbà tí ó bá kà á tán. Mo sì kí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á sókè fún àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a ka ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ pẹ̀lú ìlera. Àmín.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò rọrùn fún mi láti sọ, nítorí pé ẹ̀bi tèmi wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ èrò ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni ará iwájú náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi jìn sí i.

Ní ọdún 2023, àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, jí ní ìdájí láti ṣe àlùwàlá ìrun àsùbá. Kò tíì pé ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ara rẹ̀ sì le. Ojò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé ń yọ̀. Ó gbé búútà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ yọ̀, ó sì fi ìbàdí òsì lélẹ̀ gbì. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò lè dìde. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ti ọ̀tún lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ náà sì yà síta bí ẹni pé kì í ṣe ti ẹni tí ó ni ín.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí àgbàlagbà bá ṣubú, tí kò lè dìde, tí ẹsẹ̀ kan sì kúrú, tí ó tún yà síta, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí eegun itan ti dá ní ìbàdí. Kì í ṣe ìgbà òrí àti omi gbígbóná nìyẹn. Àwọn aládùúgbò wa ti gbé òrí dé, ẹnì kan sì fẹ́ lọ pe àwọn tí ń to eegun kí wọ́n wá fa ẹsẹ̀ náà. Ìyàwó mi ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ ṣé o, ẹ kú àdúrótì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ẹsẹ̀ yìí.” A fi aṣọ di ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, a sì fi pátákó gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n ya fọ́tò inú ara. Dókítà fi hàn wá pé orí eegun itan rí rogodo, ó sì wọ inú ihò kan ní ìbàdí bí ọmọ odó ti ń wọ inú odó. Abẹ́ rogodo yẹn ni ọrùn eegun wà, ibẹ̀ gan-an ni ti Màmá sì ti dá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi sùkúrù irin mẹ́ta so ó pọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, iṣẹ́ náà yọrí sí rere.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, obìnrin tí ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn fún Màmá ní ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó sì fún un ní òfin kan. Ó ní fún ọ̀sẹ̀ 6, kí ẹsẹ̀ òsì máa kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má tẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Màmá, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹyin adìyẹ wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín, tí ẹ kò fẹ́ kí ó fọ́.” Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, wọn yóò tún ya fọ́tò, dókítà yóò sì sọ ohun tí ó kàn.

Màmá wá gbé ní ilé wa. Ó ń kírun lórí àga, ó ń fi orí ṣe rúkúù àti sùjúdù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tú okùn ojú ọgbẹ́, ojú ọgbẹ́ sì gbẹ. Ó ti ń fi ọ̀pá rẹ̀ lọ, ó ń fi bọ̀ nínú ilé, ó ń fi ẹnu darí àwọn ọmọ bí ìṣe rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti mọ́ṣáláṣí dé, mo bá a lórí àga tí ó ń kírun. Èmi tí ń pe ìrun fún gbogbo àdúgbò, mo la ẹnu mi, mo ní, “Màmá, ara yín ti ń yá. Ẹ máa gbìyànjú láti forí kanlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ẹrú bá forí kanlẹ̀ ni ó súnmọ́ Olúwa rẹ̀ jù.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo sọ. N kò bi dókítà, n kò bi Lèmọ́mù, n kò tilẹ̀ bi Màmá fúnra rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é. Kò fún mi lésì. Ó kàn wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ náà, ó dìde láti ṣe nọ́fílà. Ó gbé ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ó forí kanlẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà tí ó fẹ́ dìde ni gbogbo ara rẹ̀ wá lé ẹsẹ̀ òsì. Igbe rẹ̀ ni ó jí wa. A bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó di etí ibùsùn mú, òógùn bo ojú rẹ̀.

A padà sí ilé ìwòsàn. Fọ́tò fi hàn pé eegun náà ti yẹ̀ díẹ̀, sùkúrù kan sì ti ń sún padà. Dókítà kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, “Màmá, ta ni ó ní kí ẹ forí kanlẹ̀?” Èmi dúró níbẹ̀, ahọ́n mi gbẹ. Màmá dáhùn, ó ní, “Èmi ni mo dá a ṣe, ọmọ mi.” Ó bò mí láṣìírí. Ẹ̀yin ará, bí ó bá jẹ́ pé ó gbá mi létí ni, kì bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 6 di ọ̀sẹ̀ 12. Wọ́n sì sọ fún wa pé bí eegun náà bá tún yẹ̀, àfi kí wọ́n tún ṣí ìbàdí náà.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ jẹ́wọ́ fún Lèmọ́mù wa. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá sọ ìtàn kan fún mi, èyí tí Jábírù gbà wá, tí ó wà nínú àkójọ hàdíìsì ti Abú Dáúdà. Àwọn kan lọ sí ìrìn àjò, òkúta sì fọ́ ẹnì kan lórí nínú wọn. Ó bá àlá pàdé lóru, ìwẹ̀ sì di dandan. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá ó lè fi erùpẹ̀ ṣe tàyámámù dípò omi. Wọ́n ní kò sí ààyè fún un níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ọkùnrin náà wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, gbọ́ ọ, inú bí i gidigidi. Ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó sì ní ṣe ni ó yẹ kí ẹni tí kò mọ̀ béèrè. Lèmọ́mù wò mí, ó ní, “Ládàánì, ó ṣe tán, tìrẹ kò tíì pa ènìyàn. Lọ bẹ Màmá, kí o sì lọ kọ́ ohun tí o kò mọ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde, ó ní ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè dọ̀bálẹ̀ nínú ilé kò gbọdọ̀ lò ó tán lórí òun. Lẹ́yìn náà, mo lọ kọ́ ohun tí n kò mọ̀. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ pín fún yín.

Èkíní, ìdí tí òfin náà fi wà. Mo ti rò pé nígbà tí irin ti wọ inú eegun, irin ni yóò máa gbé ara. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin kò wo eegun sàn. Ó kàn ń dì í mú títí eegun tuntun yóò fi hù láàárín, èyí sì ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ mú wáyà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Bó pẹ́ bó yá, yóò kán. Irin inú ìbàdí náà rí bẹ́ẹ̀ bí a bá ń gbé ẹrù lé e kí eegun tó mú. Ẹ tún gbọ́ èyí: nígbà tí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, ẹrù tí ó ń bọ́ sórí oríkèé ìbàdí ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí náà ń fà á mọ́ra kí ó má baà ṣubú. Nítorí náà, ìṣísẹ̀ kan péré kì í ṣe ohun kékeré.

Èkejì, òfin yìí kò rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. A ní kí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn má kan ilẹ̀ rárá. Ti ẹlòmíràn yóò kàn án, ṣùgbọ́n kò ní tẹ̀ ẹ́, bíi ti Màmá. A ń fún ẹlòmíràn ní ìwọ̀n kan tí kò gbọdọ̀ kọjá. A sì ń sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó máa tẹ ilẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Láti ìgbà tí Dókítà John Charnley ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkèé irin àti ike rọ́pò oríkèé ìbàdí ní Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1962, irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ti tàn ká gbogbo ayé. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá ṣe é fún ni wọ́n ń jẹ́ kí ó dìde dúró ní ọjọ́ kan náà tàbí ní ọjọ́ kejì. Ní ilẹ̀ wa náà, ìmọ̀ eegun kì í ṣe ohun àná. Ìgbà ogun ni ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, ní Èkó, ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1943, fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara pa. Kì í sì í ṣe àgbàlagbà nìkan ni iṣẹ́ abẹ ìbàdí ń kàn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní àrùn fọníkú-fọnídìde máa ń ní i pẹ̀lú, nítorí pé àrùn náà lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ orí eegun itan.

Nítorí náà, ẹ má ṣe yá òfin aládùúgbò lò. Bí ìyá kan bá wá kí yín tí ó ní, “Èmi ní tèmi, ọjọ́ kejì ni mo rìn,” òótọ́ ni ó sọ fún ara rẹ̀. Kì í ṣe òótọ́ fún yín.

Ẹni tí a bá fún ní ìwọ̀n lè fi ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara ènìyàn kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹni tí ó wọn 60 kílò bá gba àṣẹ ìdá kan nínú mẹ́rin, 15 kílò nìyẹn. Kí ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, kí ó gbé ẹsẹ̀ tí ó dára lé pákó tí ó ga bákan náà pẹ̀lú ìwọ̀n, kí ó wá fi ẹsẹ̀ kejì tẹ ìwọ̀n náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ka 15. Kí ó tún un ṣe títí ẹsẹ̀ yóò fi mọ bí ó ti rí. Yóò yà á lẹ́nu bí ó ti kéré tó.

Ẹ̀kẹta, ìrìn. Ọ̀pá ni yóò kọ́kọ́ lọ síwájú, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún, lẹ́yìn náà ni a ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọ̀pá dáadáa kí ẹsẹ̀ tí ó dára tó tẹ̀lé e. Ọwọ́ ni yóò ru ẹrù tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ rù. Bí a bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ẹni tí yóò dúró tì wá, ẹsẹ̀ tí ó dára ni ń kọ́kọ́ gòkè. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tí ń dùn ni ń kọ́kọ́ sọ̀. Nígbà tí Màmá gbọ́ èyí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni a fi ń wọ mọ́ṣáláṣí, òun náà ni èyí tí ó dára. Ẹsẹ̀ òsì ni a fi ń jáde, òun náà ni èyí tí ń dùn. Ọlọ́run mọ ẹsẹ̀ tí ó fi kàn mí.” Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ó bá jẹ́ ọ̀tún ni ó ń dùn yín, ẹ tẹ̀lé òfin ìlera, ẹ má bẹ̀rù. Ọlọ́run mọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín.

Ẹ̀kẹrin, ìjókòó. Àpótí ìdí ààrò kò dára fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni ṣáláńgá tí a ń lóṣòó sí àti jíjókòó lórí ẹní. Kí a wá àga gíga tí ó ní apá, tí kì í yẹ̀, kí ìbàdí máa ga ju orúnkún lọ. Àwọn tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé fún ní láti ṣọ́ra jù, nítorí pé oríkèé tuntun lè yẹ̀ kúrò ní ihò rẹ̀. A sábà máa ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má tẹ̀ síwájú púpọ̀ láti ṣa nǹkan nílẹ̀, kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kí wọ́n má sì yí ẹsẹ̀ náà sínú.

Ẹ̀karùn-ún ni ìrun, tí ó jẹ́ olórí ọ̀rọ̀ mi. Ní Súúrà Bàkárà, ẹsẹ 286, Ọlọ́run jẹ́ kí a mọ̀ pé òun kì í di ẹrù tí ó ju agbára lọ lé ẹnikẹ́ni. Imrana ọmọ Husaini, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, ní àrùn jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì bi Ànábì bí òun yóò ti máa kírun. Ànábì kọ́ ọ pé kí ó dúró kí i, bí kò bá lè dúró kí ó jókòó, bí kò bá sì lè jókòó kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i. Ànábì fúnra rẹ̀ ṣubú lórí ẹṣin nígbà kan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ sì bó. Àwọn sàhábà lọ kí i, wọ́n bá a, ó ń jókòó kírun. Anasi ni ó gba ìtàn náà wá. Bí ẹni tí ó ga jùlọ bá jókòó nítorí ìpalára, ta ni èmi láti ní kí Màmá sọ̀kalẹ̀?

Kí aláìsàn jókòó sórí àga, kí ó kọjú sí gábàsì. Kí ó tẹ orí ba fún rúkúù, kí ó tẹ̀ ẹ́ ba ju ìyẹn lọ díẹ̀ fún sùjúdù. Orí ni, kì í ṣe ìbàdí. Kí ẹnì kan máa bu omi àlùwàlá fún un, kí ó sì bá a fọ ẹsẹ̀. Níbi tí aṣọ ọgbẹ́ bá wà, tí dókítà ní kí omi má kàn án, bí a bá ń wẹ̀, kí a fi ọwọ́ tútù pa á lórí, tàbí kí a bi Ààfáà wa.

Ẹ̀kẹfà, àmì ewu. Kí aláìsàn máa mi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sódò nígbà púpọ̀ lójúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú tí ó ń dùn, bí èémí bá ṣàdédé kúrú tàbí àyà ń dùn, bí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n, tí ó ń ṣọyún, tàbí ibà dé, bí ìbàdí bá ṣàdédé dùn tí ẹsẹ̀ sì kúrú, ẹ má dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni.

Ẹ̀yin obìnrin ilé, ọwọ́ yín ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ń bọ́ sí. Ẹ ká ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ nu omi ilẹ̀ kíá. Ẹ jẹ́ kí iná wà lóru láti ibùsùn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ sì rántí pé ìyá tí ó ti ń se oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn láti ogójì ọdún, ojú ń tì í láti ní kí ẹ gbé pọ̀ọ́ wá. Ẹ má jẹ́ kí ó tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má rò pé iṣẹ́ obìnrin nìkan ni. Èmi ni mo ń gbé omi gbígbóná Màmá fún oṣù mẹ́ta, kò sì bu lawàní mi kù.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 pé, fọ́tò fi hàn pé eegun ti mú. Wọ́n ní kí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó bọ́ sórí ọ̀pá kan ṣoṣo, ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì fi ń mú un, nítorí pé ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí ń dùn ni ọ̀pá ń gbé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó padà sí mọ́ṣáláṣí. A ti gbé àga mẹ́rin sí ìpẹ̀kun ìlà àwọn obìnrin kí ó tó dé, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú àìdáa wo ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀. Mo rọ àwọn mọ́ṣáláṣí yòókù láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a kírun tán, Màmá pè mí. Ó ní, “Ládàánì mi, ìwọ máa pè wá sí ìrun, ohùn rẹ dùn. Ṣùgbọ́n bí oníkálukú yóò ti kí i, jẹ́ kí á máa béèrè.”

Ẹ̀yin ará, mo ti gba ọ̀rọ̀ náà. Ẹsẹ̀ tí a ní kí ó má tẹ ilẹ̀, tí kò sì tẹ̀ ẹ́ nítorí Ọlọ́run, ó ń jọ́sìn níbi tí ó wà. Kí Ọlọ́run wo gbogbo aláìsàn wa sàn, kí ó gba ìrun wọn lórí àga àti lórí ibùsùn, kí ó sì dá ẹnu èmi àti ẹ̀yin dúró lórí ohun tí a kò mọ̀. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ìnṣáálà.